Bí ọbẹ̀ ṣe ń dín tí iyọ̀ rẹ̀ kò yí: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò kan ní Àkúrẹ́

Ìbéèrè: Arábìnrin kan tó ń kàwé gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Àkúrẹ́ ló kọ̀wé sí wa. Ó ní kíndìnrín bàbá òun ti daṣẹ́ sílẹ̀, àti pé ìlú Oǹdó ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìwọ̀n bàbá jẹ́ 60 kílò nígbà tí ẹ̀rọ bá ti fa omi tó pọ̀ jù kúrò lára wọn. Lọ́jọ́ kan, bicarbonate ẹ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn èròjà tó ń pa kíkan inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ milimóòlù 26 nínú lítà kan bí wọ́n ṣe ń kúrò lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n padà lọ lẹ́yìn wákàtí 92, tí omi kílò mẹ́ta ti kún ara wọn, ó ti já sí 17. Bicarbonate inú omi ìfọ-ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ ń lò jẹ́ 35. Ó wá béèrè pé: “Ṣé ìdọ́gba kan ṣoṣo lè ṣàlàyé bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń já, àbí dandan ni kí n kọ́ àwòṣe alágbára bí èyí tí mo ń rí nínú ìwé? Kí ló dé tí ìṣirò mi fún wákàtí mẹ́rin orí ẹ̀rọ ń fún mi ní 28, tí yàrá àyẹ̀wò sì ń sọ 26? Ìyá àgbà kan nílé wa tún ní kí á máa po káún fún bàbá, nítorí pé káún máa ń pa ohun kíkan. Ṣé òótọ́ ni?”

Ìdáhùn: Arábìnrin, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú bàbá. Ìdọ́gba kan tó ẹ bẹ̀rẹ̀, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún apá tó ń já pátápátá. Ní ti 28 àti 26, ẹ má ṣe wá ọ̀nà tí ẹ ó fi tún nọ́ńbà kan ṣe títí yóò fi bá èkejì mu, nítorí pé inú àlàfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí yín wà.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìdí tí bicarbonate nìkan fi tó láti máa ṣọ́. Lawrence Henderson, ará Amẹ́ríkà, ló so ohun mẹ́ta pọ̀ lọ́dún 1908: háídrójìn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ kan, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ẹ̀dọ̀fóró ń tú jáde, àti bicarbonate tó ń pa kíkan náà. Karl Hasselbalch ará Denmark ló wá kọ ọ́ lọ́nà logarithm tí àwọn dókítà mọ̀ lónìí. Èyí tí mo máa ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ti Henderson, nítorí pé kò béèrè ju ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù lọ:

[H⁺] = 24 × pCO₂ ÷ [HCO₃⁻]

[H⁺] ni háídrójìn, pCO₂ ni ìwọ̀n carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀, [HCO₃⁻] sì ni bicarbonate. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, pCO₂ jẹ́ 40, bicarbonate jẹ́ 24, nítorí náà háídrójìn jẹ́ 40 nanomóòlù nínú lítà kan, èyí tí í ṣe pH 7.40 (bí pH bá ṣe ń wálẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń kan sí i). Bí ti bàbá yín ṣe já sí 17, ká ní ẹ̀dọ̀fóró wọn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, háídrójìn ìbá di 56, pH ìbá sì wálẹ̀ sí 7.25. Ẹ̀dọ̀fóró kì í jókòó. Ó máa ń mí kíkankíkan títí pCO₂ yóò fi súnmọ́ ìlọ́po kan àbọ̀ bicarbonate, kí á tó fi 8 kún un. Ti bàbá yóò tó nǹkan bí 33.5, pH wọn á sì dúró sí nǹkan bí 7.33. Ẹ̀dọ̀fóró ń parí ìdáhùn tirẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, nígbà tí bicarbonate ń fi ọjọ́ gbáko rìn, nítorí náà ẹ lè jẹ́ kí pCO₂ máa tẹ̀lé bicarbonate lẹ́yìn bí òjìji láìkọ ìdọ́gba ọ̀tọ̀ fún un. Àwọn kan wà tí wọ́n ń tẹ̀lé ọ̀nà Peter Stewart, tí wọ́n ń ka ìyàtọ̀ láàárín sodium àti chloride àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dípò bicarbonate. Ọ̀nà náà dára fún aláìsàn tó wà ní yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì. Fún ìbéèrè tiyín, ẹrù tí yóò dì lé yín lórí pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú apá tó ń já. Ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà tí a ń jẹ ní purotéènì, àwọn kan nínú purotéènì náà sì ní imí ọjọ́ tí ara ń sọ di ásíìdì. Àròpọ̀ rẹ̀ máa ń súnmọ́ milimóòlù kan fún kílò kan ara lójúmọ́, ìyẹn 60 lójúmọ́ fún bàbá. Kíndìnrín tó dá ní ń kó o jáde. Kíndìnrín tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ ń dá a padà sórí bicarbonate. Àyè tí bicarbonate ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara jẹ́ nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ènìyàn, èyí tó fún bàbá ní lítà 30. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí ẹ̀rọ, ohun tó wà nínú àyè yẹn jẹ́ 26 × 30, ìyẹn 780. Láàárín wákàtí 92, ásíìdì jẹ 230 nínú rẹ̀, ó ku 550. Ẹ rántí pé omi lítà mẹ́ta ti wọlé. Ẹ pín 550 yẹn sínú lítà 33, ẹ ó sì rí 16.7. Yàrá àyẹ̀wò sọ 17.

Mo gbà pé ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo rí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nídìí rẹ̀ tí kò yẹ kí ẹ gbójú fò. Bí ẹ bá gbàgbé omi lítà mẹ́ta náà, 18.3 lẹ máa rí, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ásíìdì tí kò sí níbì kankan. Omi mímu lásán, láìfi ásíìdì kan kún un, ti já nǹkan bí 1.7 kúrò nínú bicarbonate bàbá. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn mọ̀lẹ́bí pé tí dókítà bá ní kí wọ́n ṣọ́ omi mu, kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ wíwú nìkan.

Ẹ wá ṣọ́ra fún pańpẹ́ kan. Àwọn olùwádìí kan ti fi hàn pé àyè bicarbonate kì í dúró sójú kan, pé ó ń fẹ̀ bí bicarbonate ṣe ń kéré sí i. Wọ́n ní kí á fi ìwọ̀n ara lu 0.4 tí a fi 2.6 ÷ [HCO₃⁻] kún. Fún bàbá, ìyẹn jẹ́ 30 nígbà tí bicarbonate bá jẹ́ 26, ó sì jẹ́ nǹkan bí 33 nígbà tó bá jẹ́ 17. Ẹ rí i pé nọ́ńbà méjèèjì bá ti omi tó wọlé mu láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá fura á lo méjèèjì pọ̀, á sì ka ẹrù kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kan apá tó ń gòkè. Ẹ kọ iye bicarbonate inú ara sí V × C: V ni àyè rẹ̀ ní lítà, C ni ìwọ̀n rẹ̀ nínú lítà kan. Ẹ̀rọ ń fi D(35 − C) kún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, níbi tí D ti jẹ́ agbára asẹ́ ẹ̀rọ náà láti fi bicarbonate ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ásíìdì tí ara ń ṣe ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí a pè ní G, ń yọ kúrò níbẹ̀. Omi tí ẹ̀rọ sì ń fà jáde ń kó bicarbonate tirẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, wọ́n sì máa ń fún un ní ìdọ́gba tirẹ̀. Bí ẹ bá bu abọ́ mẹ́ta kúrò nínú ìkòkò ọbẹ̀, ọbẹ̀ á dín, àmọ́ iyọ̀ inú èyí tó kù kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí ẹ̀rọ ń fà ṣe ń jáde pẹ̀lú ìwọ̀n bicarbonate kan náà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lákòókò yẹn, tí ohun tó kù fi rọrùn báyìí:

V dC/dt = D(35 − C) − G

dC/dt ni bí C ṣe ń yí padà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. V nìkan ló ń kéré, láti 33 sí 30, ní nǹkan bí lítà 0.0125 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá fi 0.13 lítà ní ìṣẹ́jú kan ṣe D, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti 17, ìṣẹ́jú 240 á gbé yín dé 28.1. Nítorí náà ìṣirò yín tọ̀nà, a sì jọ dé ibì kan náà. Bí yàrá àyẹ̀wò bá tún sọ 26 fún wọn lọ́jọ́ yẹn, àlàfo 2.1 nínú lítà 30 jẹ́ milimóòlù 63, tó ju ásíìdì odidi ọjọ́ kan lọ. Ibo ló wọlẹ̀ sí?

Afurasí mẹ́rin ni mo ní, èmi á sì kọ́kọ́ lọ sílé ẹni tí àwọn ènìyàn kì í fura sí, ìyẹn nọ́ńbà 35 fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti jókòó ti bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹ ó ti rí i pé kì í ṣe jẹ́ríkàánì kan ni ẹ̀rọ ń fa oògùn olómi láti inú rẹ̀. Ọ̀kan ní bicarbonate, èkejì ní ásíìdì pẹ̀lú calcium àti magnesium. A kò lè pò wọ́n pọ̀ kí wọ́n sì jókòó, nítorí pé calcium á bá bicarbonate dì bí ẹfun. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi pa bicarbonate tì lọ́dún 1964 ní Seattle, tí wọ́n fi acetate, èròjà tí ara ń sọ di bicarbonate, rọ́pò rẹ̀, tí ó sì di ọdún 1980 sókè kí ẹ̀rọ tó ń pò méjèèjì pọ̀ lójú ẹsẹ̀ tó dá bicarbonate padà sípò. Ásíìdì inú jẹ́ríkàánì èkejì, tí ó sábà jẹ́ acetic acid bíi milimóòlù mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú lítà omi ìfọ-ẹ̀jẹ̀, máa ń jẹ iye rẹ̀ nínú bicarbonate bí wọ́n ṣe pàdé. Ṣé 35 tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ti kí wọ́n tó pàdé ni, àbí ti lẹ́yìn rẹ̀? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, 32 ni asẹ́ rí ní tòótọ́, ìdọ́gba rírọrùn yẹn á sì fún yín ní 26.2 láìsí àlàfo kankan mọ́. Ẹ mọ̀ pé acetate tó ṣẹ́kù á wọ inú ara, ẹ̀dọ̀ àti iṣan á sì tún un dá padà sí bicarbonate, nítorí náà kì í ṣe gbogbo mẹ́ta yẹn ló sọnù. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kí ẹ tó kọ ìlà kan sí i nínú ìwé yín.

Afurasí kejì ni D. Ẹni tí ó sọ pé 0.13 ni, èmi ni. Asẹ́ bàbá yín kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ni V, tí apá tó ń já ti mú mọ́lẹ̀ fún wa díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a bá gba G gbọ́. Ìkẹrin ni ara ènìyàn fúnra rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ti bicarbonate wọlé, ara kì í kàn gbà á sílẹ̀ bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń gba omi. Háídrójìn tó ti fara pamọ́ sára purotéènì, sínú ẹ̀jẹ̀ pupa, àti nínú egungun láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ń jáde wá bá bicarbonate tuntun náà. Ara tún ń ṣe ásíìdì bíi lactic acid sí i bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kúrò nínú kíkan, asẹ́ sì ń fọ apá kan rẹ̀ lọ kí ara tó ráyè sọ ọ́ di bicarbonate padà. John Sargent àti John Gennari wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ gidi lórí èyí. Ohun tí wọ́n rí ni pé bicarbonate máa ń sáré gòkè ní wákàtí àkọ́kọ́ tàbí méjì, lẹ́yìn náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ìfọ-ẹ̀jẹ̀ ṣì ga jù ú lọ dáadáa.

Ọ̀nà tó kéré jù láti fi èyí sínú ìdọ́gba yín ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, tí yóò máa dàgbà bí C ṣe ń jìnnà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀:

V dC/dt = D(35 − C) − G − h(C − 17)

Bí D bá dúró sí 0.13, h tó jẹ́ 0.07 lítà ní ìṣẹ́jú kan á gbé yín dé 26.0 gẹ́ẹ́. Inú akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dùn níbí yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ pa h rẹ́, ẹ sọ D di 0.094, ẹ ó tún rí 26.0. D àti h ń du ilẹ̀ kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló sì wà. Bí ẹ bá tilẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ sí i ní wákàtí kejì, ti h á sọ 23.0, ti D kékeré á sọ 22.2, nígbà tó jẹ́ pé ìwé àyẹ̀wò púpọ̀ kì í kọ ju odidi nọ́ńbà lọ. Mo gbìyànjú láti yí omi ìfọ-ẹ̀jẹ̀ padà sí 32 lórí ìwé bóyá ìyẹn á yà wọ́n; àwọn méjèèjì fún mi ní nǹkan bí 24.4. Ìdọ́gba tó rìn gbọọrọ (linear) bẹ́ẹ̀ kì í tú àṣírí ara rẹ̀ nítorí pé ẹ pààrọ̀ 35.

Ohun tó lè yà wọ́n ni kí ẹ wọn D lẹ́nu asẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ọ̀nà tó ń wọ asẹ́, kí wọ́n sì gba díẹ̀ láti ọ̀nà tó ń jáde, lákòókò kan náà, ní òpin wákàtí àkọ́kọ́. Ká ní ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní 250 mililítà ní ìṣẹ́jú kan, tí èyí tó ń wọlé jẹ́ 20.5. Bí D bá jẹ́ 0.13, èyí tó ń jáde á súnmọ́ 28. Bó bá jẹ́ 0.094, á súnmọ́ 26. Ìyàtọ̀ méjì odindi nìyẹn, tí ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè rí láìṣiyèméjì. Nígbà náà ni ẹ ó mọ̀ bóyá h wà lóòótọ́. Èyí sàn ju àwòṣe alágbára inú ìwé lọ, ó sì tó fún ìwé oyè kejì. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni, kódà bó jẹ́ ti bàbá yín. Ẹ gba àṣẹ dókítà wọn àti ti ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí kí ẹ tó gba ẹ̀kán kan.

Ẹ tún fi ìdọ́gba náà béèrè ohun tí ẹ kò bi mí, tó sì ṣe pàtàkì fún bàbá. Bí ìgbòkègbodò náà bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ kan jọ èkejì, ohun tí ẹ̀rọ fi kún gbọ́dọ̀ bá ohun tí ásíìdì jẹ mu. Ẹ yọ omi tó ń kún ara sẹ́yìn, bicarbonate bàbá ní láti gòkè kí ó sì já ní ìwọ̀n 7 nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti nǹkan bí 4.7 tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ wo ibi tí 35 wà nínú ìṣirò yìí: kò sí níbẹ̀. Bí dókítà bá gbé e sí 38, òkè àti ìsàlẹ̀ á jọ gbéra ni, fífẹ̀ àárín wọn kò ní yí. Ìsàlẹ̀ tó gbéra dára. Òkè tó gbéra ni ìṣòro, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ bá sáré kúrò nínú kíkan ní ìrọ̀lẹ́ kan, potassium á sá wọ inú ẹran ara, calcium tó wà lómìnira á dín, ọkàn sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Iye ìgbà tí wọ́n ń lọ àti ásíìdì tí oúnjẹ ń mú wá nìkan ló ń dín fífẹ̀ náà kù. Mo mọ̀ pé àpò mọ̀lẹ́bí ni owó ti ń jáde fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó náà ń jẹ owó ọkọ̀. N kò sọ ọ́ láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ má sì fi ẹran àti ẹ̀wà dù wọ́n nítorí àwòṣe mi, torí pé ẹ̀rọ ń fọ oúnjẹ ara lọ, ẹni tó bá gbẹ kì í pẹ́ lórí rẹ̀.

Ní ti káún, ìyá àgbà kò pa irọ́. Carbonate àti bicarbonate ti sodium ló pọ̀ nínú káún, òun ló fà á tó fi ń pa kíkan, tó sì ń mú ewédú yọ̀. Ṣùgbọ́n sodium inú rẹ̀ á mú òùngbẹ wá, òùngbẹ á mú omi wọlé, omi náà á sì ṣe ohun tí a rí lókè yẹn: á fa bicarbonate tí ẹ fẹ́ gbé sókè wálẹ̀. Kò sí ẹni tó wọn ìdọ̀tí inú òkúta káún ọjà fún yín pẹ̀lú. Oníṣègùn lè fún wọn ní bicarbonate oníhóró tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ bó bá rí i pé ó yẹ. Ẹ jẹ́ kí káún jókòó sínú ìkòkò.

Kí n tó gbàgbé: ẹ wádìí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà. Ìgò tí kò kún, tàbí tí ìdérí rẹ̀ ṣí, máa ń tú carbon dioxide dànù. Ẹ̀jẹ̀ tó jókòó pẹ́, bóyá nítorí pé iná lọ, ń ṣe lactic acid fúnra rẹ̀. Méjèèjì ló ń fa nọ́ńbà wálẹ̀, ó sì lè jẹ́ apá kan milimóòlù 63 tó sọnù yẹn ni wọ́n gbé lọ. Ẹ kọ wákàtí tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti wákàtí tí ẹ̀rọ kà á, méjèèjì, sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.